Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Èló Ni Ó Kù Fún Òṣìṣẹ́ Tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Kíláàsì: SS 2
Iṣẹ́: Ètò ọrọ̀ ajé
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80
Agbègbè: Ilo-Awela, Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn
Ohun èlò ìkọ́ni: Pátákó, ẹ̀rọ ìṣirò, àwòṣe ìwé owó oṣù tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ, àwòṣe ìwé gbélé-ẹ

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ka ìwé owó oṣù, yóò lè ṣírò iye tó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ rí gbà bí wọ́n bá já ìwé gbélé-ẹ lé e lọ́wọ́, yóò sì lè sọ oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan yóò jáde. Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Owó tó ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá kò lè san owó ilé oṣù keje.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ìṣirò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún láti JSS. Wọ́n sì mọ ohun kan tí ìwé kò kọ́ wọn: bí bàbá bá jókòó sílé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù alẹ́ dé, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má béèrè ní kíláàsì pé òbí ta ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ tó báyìí, ó dájú pé ọmọ kan wà nínú kíláàsì yín tí ìbéèrè náà yóò gún lọ́kàn. Òṣìṣẹ́ tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀ kò ní orúkọ, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ìfáàrà

Láti Toll Gate wọ Ilo-Awela, títí dé àwọn ilé-iṣẹ́ ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹni tó bá jí rìn ní àárọ̀ kùtùkùtù yóò rí oríṣi èrò méjì ní ẹnu géètì. Àwọn kan gbé káàdì kọ́ ọrùn, wọ́n ń wọlé lọ. Àwọn kan kò ní káàdì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń retí kí ọ̀gá tó ń kó èèyàn wọlé jáde wá nawọ́ sí wọn. Bí wọ́n bá wọlé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń dúró tì. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tán ni ìyàtọ̀ wọn máa ń hàn. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àwòrán èrò méjèèjì yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Iṣẹ́ lè tán ní ilé-iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú. Ní Agbára, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà kan náà pẹ̀lú wa, ilé-iṣẹ́ apoògùn GlaxoSmithKline kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble ní òun kò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, láti òkè òkun ni òun yóò ti máa kó o wọlé. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn jalè tàbí pé wọ́n sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló lọ.

Kọ ìbéèrè yìí sí pátákó: *Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní Ọ̀tà lónìí, èló ni ìjọba yóò máa san fún un lóṣooṣù títí yóò fi rí òmíràn?*

Jẹ́ kí wọ́n dá iye lé e. Ẹlòmíràn yóò ní ₦20,000, ẹlòmíràn yóò ní ìdajì owó oṣù. Ìdáhùn ni òdo. Kọ ọ́ gàdàgbà.

Ohun tí ìwé òfin sọ

Òfin orílẹ̀-èdè 1999 mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà o. Abala 16, ẹsẹ̀ kejì, ìlà d, ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ilé tó bójú mu, oúnjẹ tó tó, owó oṣù tó ṣeé gbé ayé, ìtọ́jú ọjọ́ ogbó, àti owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Orí Kejì ni abala náà wà. Abala 6, ẹsẹ̀ kẹfà, ìlà c, sì ti sọ pé ilé-ẹjọ́ kò lè fi Orí Kejì yẹn mú ìjọba. Ìjọba jẹ gbèsè, àmọ́ kò sí ilé-ẹjọ́ tó lè gbà á.

Ètò tí a ní láti ayébáyé, ti ọjọ́ ogbó ni: National Provident Fund ní 1961, NSITF tó rọ́pò rẹ̀ ní 1993, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, àti èyí tí a ń lò báyìí, Pension Reform Act 2014. NSITF ṣì wà. Iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin 2010 ni láti sanwó fún ẹni tó farapa tàbí tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá gé ìka òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ọ̀gá bá lé e lọ, kò kàn wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí bí ètò gidi ṣe rí, kó lè mọ ohun tí a kò ní. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Wisconsin ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1932. Òfin gbogbogbòò tẹ̀ lé e ní 1935. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣírò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo Texas, nítorí àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Houston.

Wọ́n á pín ọdún sí ọ̀nà mẹ́rin, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n á wo ìdá ọdún márùn-ún tó parí kẹ́yìn, wọ́n á fi èyí tó sún mọ́ jù sílẹ̀, wọ́n á mú mẹ́rin tó kù. Nínú mẹ́rin yẹn, èyí tí òṣìṣẹ́ ti gba owó jù ni wọ́n á fi 25 pín. Bó bá jẹ́ pé $9,000 ló gbà nínú oṣù mẹ́ta tó dára jù, 9,000 ÷ 25 = $360 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 26 ni ó pọ̀ jù, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó gbà nínú ìdá mẹ́rin náà. Bó bá gba $9,000 nínú ìdá kọ̀ọ̀kan, $36,000 ni gbogbo rẹ̀, ìdá 27 rẹ̀ jẹ́ $9,720. Ọ̀sẹ̀ 26 ní $360 sì jẹ́ $9,360. Èyí tó kéré jù, $9,360, ni yóò gbà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀ ni iṣẹ́ fi bọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Fa ìlà sábẹ́ ohun méjì. Ní Texas, owó orí tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń san ni owó náà ti ń wá. Wọn kì í yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Èkejì: gbígbà á kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó ọjọ́ ogbó rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni: ní South Africa, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá kan, fún àpò kan tí wọ́n ń pè ní UIF, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ Ọ̀tà

*Nótíìsì.* Òfin iṣẹ́, Labour Act, abala 11: ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, nótíìsì ọjọ́ kan, ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, ọdún méjì sí ohun tí kò tó márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ìwé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Bí ọ̀gá kò bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ dúró lo àkókò náà, kó san owó rẹ̀. Wọn kì í ka owó àfikún wákàtí àti àwọn àjẹmọ́nú mọ́ owó nótíìsì. Owó oṣù gan-an ni wọ́n ń wò. Ibí yìí ló ti máa ń ya òṣìṣẹ́ lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń fi àjẹmọ́nú sọ owó oṣù di ńlá. Ẹni tó bá hùwà àìtọ́ tó wúwo, wọ́n lè lé e láìsí nótíìsì. Bẹ́ẹ̀ ni òfin yìí kò sì kan ọ̀gá àgbà inú ọ́fíìsì. Ti àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni.

*Ìsinmi tí kò tíì lò.* Abala 18 fún òṣìṣẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún. Bó bá ti tó oṣù mẹ́fà tó gba ìsinmi kẹ́yìn kí wọ́n tó dá a dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ san ìpín tirẹ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ kan, láìka àjẹmọ́nú mọ́ ọn.

*Owó àdínkù òṣìṣẹ́.* Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló dín kù, abala 20 ní kí agbanisíṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó kọ́kọ́ yọ ẹni tó dé kẹ́yìn bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá dọ́gba, kó sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó. Òfin kò dá iye kan. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ló ń sọ ọ̀sẹ̀ mélòó fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò bá sí ẹgbẹ́, ojú àánú ọ̀gá ni wọ́n ń wò.

*Owó ìfẹ̀yìntì.* Èyí ló pọ̀ jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń ṣì lóye jù. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́, kó sì yọ ìdá 8 lára òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni ó kéré jù tí wọ́n lè fi ṣírò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù, owó náà gbọ́dọ̀ ti lọ sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RSA, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Abala 7 òfin 2014 wá sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ tíì rí iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn kan ń pe owó yìí ní ìrànwọ́ ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó rẹ̀ ni, owó ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló ń bù jẹ. Àgbẹ̀ tó bu nínú iṣu èèbù rẹ̀ jẹ kò rí ìrànwọ́ gbà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò lójú pátákó

Òṣìṣẹ́ wa jẹ́ ọmọ ọdún 38. Ó ti ṣe ọdún mẹ́fà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike. Ìwé owó oṣù rẹ̀ rí báyìí:

Owó oṣù gan-an: ₦50,000
Owó ilé: ₦20,000
Owó ọkọ̀: ₦15,000
Owó oúnjẹ: ₦10,000
Àròpọ̀: ₦95,000

Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ni wọ́n fún un níwèé, wọ́n sì ní kó máa lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó gba ìsinmi kẹ́yìn. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Owó ọjọ́ 15 tó ti ṣiṣẹ́: 95,000 × 15/30 = ₦47,500.

Nótíìsì: ó ti ju ọdún márùn-ún lọ, oṣù kan ni tirẹ̀, ₦50,000.

Ìsinmi: owó oṣù gan-an nìkan ni wọ́n ń wò níbí náà, owó ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 50,000 × 12 ÷ 52, tí í ṣe ₦11,538. Ìlọ́po 8/12 rẹ̀ jẹ́ bíi ₦7,692.

Ohun tó yẹ kó wọ àpò rẹ̀ kó tó kúrò ní géètì: ₦105,192.

Ó wá ku owó ìfẹ̀yìntì. Jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe é bí ọkàn wọn bá ṣe rò ó. Wọ́n á ro 50,000, 20,000 àti 15,000 pọ̀, ₦85,000. Owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Ìdá 18 rẹ̀ jẹ́ ₦15,300 lóṣù. Wọ́n á fi 72 lọ́po rẹ̀, ₦1,101,600. Ìdá mẹ́rin rẹ̀, ₦275,400. Inú wọn á dùn.

Béèrè lọ́wọ́ wọn: ṣé ₦95,000 ló ń gbà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn? Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin wà ní ₦30,000 láti 2019 kó tó di ₦70,000 ní 2024.  Owó òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò ní ṣàìjẹ́ kékeré nígbà ₦30,000 yẹn. Ká ní fún oṣù 36 àkọ́kọ́, ₦45,000 ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ìdá 18 jẹ́ ₦8,100; lọ́nà 36, ₦291,600. Oṣù 36 tó kù, ₦15,300 lọ́nà 36, ₦550,800. Àròpọ̀, ₦842,400. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦210,600.

A kò ka èrè tí owó náà ti pa, a kò sì yọ owó tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń gbà. Ìfojúdá ni, nọ́ńbà gidi wà nínú ìwé àkáǹtì RSA rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ pọ̀: 105,192 + 210,600 = ₦315,792. Bí a bá fi owó oṣù rẹ̀ pín in, oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà sin ilé-iṣẹ́.

Ẹ wá fi ọjọ́ sí i. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, oṣù mẹ́rin pé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé rẹ̀ wò. Títí di ìgbà náà, ₦105,192 ló fẹ́ fi jẹun, bíi ₦26,000 lóṣù. Oṣù kẹsàn-án tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé sì wà láàárín. Ní ibi yìí, kọpurétíìfù ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lọ bá, àmọ́ ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé bí òṣìṣẹ́ bá jẹ ẹ̀yáwó níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú owó tó ti dá.

Ibi tí ìṣirò ti ń wọ́

Àkọ́kọ́: ilé-iṣẹ́ lè máa yọ owó lára òṣìṣẹ́ kó má sì fi í ránṣẹ́. Ìwé owó oṣù yóò fi hàn pé wọ́n yọ ọ́. Àkáǹtì RSA ló máa sọ bóyá ó dé. Bí oṣù 20 tó kẹ́yìn kò bá dé, ₦306,000 ti sọnù. Ohun tó kù di ₦536,400, ìdá mẹ́rin rẹ̀ di ₦134,100. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ tó jẹ̀bi san ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó fi wà lọ́rùn rẹ̀. Lórí ₦15,300, ₦306 lóṣù nìyẹn. PenCom ni wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọjọ́ tó dára jù láti mọ̀ pé owó kò wọlé ni ìgbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ṣì lè bá akọ̀wé owó sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Èkejì ni àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ ògiri tí a rí ní ìfáàrà. Kásùà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ kọ́ńtíráàtọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbowó, lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀. Kò sí PEN, kò sí ìwé owó oṣù. Abala 7 òfin iṣẹ́ sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé àdéhùn. Bí wọ́n bá ń gbé e wọlé lónìí, tí wọ́n ń sọ ọ́ síta lọ́la, ta ni yóò ka oṣù mẹ́ta náà? Ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní pátákó pẹ̀lú, kó má dà bí ẹni pé a gbàgbé rẹ̀: owó ọjọ́ tó ti ṣiṣẹ́, àti òdo mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Láti 2019, ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ti wà, kásùà náà lè fi orúkọ sílẹ̀ kó máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́. Owó tirẹ̀ nìkan ni yóò wà níbẹ̀, kò sí ìdá 10 ọ̀gá.

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi olùkọ́

*Bí wọ́n bá lé bàbá mi nítorí ó jà, ṣé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti wọgbó?* Rárá. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àkáǹtì náà, ilé-iṣẹ́ kò lè gbà á padà.

*Bó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?* Ìdá 25 náà ṣì tọ́ sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́rin bí kò bá níṣẹ́. Ní Texas, ó lè má rí nǹkan kan gbà.

*Bí ilé-iṣẹ́ kò bá san owó nótíìsì?* Ọ́fíìsì iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ. Bó bá di ẹjọ́, National Industrial Court ló ń gbọ́ ọ. Ìwé tó bá ní lọ́wọ́ ni ẹnu rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbéléwọ̀n

1. Òṣìṣẹ́ kan ti ṣe ọdún mẹ́ta. Owó oṣù gan-an rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, owó ilé ₦20,000, owó ọkọ̀ ₦10,000. Èló ló yẹ kó máa wọ RSA rẹ̀ lóṣù? Nótíìsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó?
2. Wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní. Ọjọ́ wo ló lè kọ́kọ́ béèrè fún ìdá 25? Bó bá rí iṣẹ́ mìíràn ní oṣù kẹta ńkọ́?
3. Ní gbólóhùn mẹ́rin sí mẹ́fà, sọ ìdí tí owó ìdá 25 kò fi jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú owó tí Texas ń san.

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́: ₦16,200, ọ̀sẹ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ₦16,200 fún gbogbo oṣù ọdún mẹ́ta láìbéèrè bóyá owó náà ti pọ̀ sí i, ẹ fún un ní máàkì, kí ẹ sì kọ ìbéèrè náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ bi òbí tàbí alágbàtọ́ yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ ní nọ́ńbà PEN? Ìgbà wo lẹ yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò kẹ́yìn? Ṣé ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ wà nílé? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí ẹ mú wá. Ẹ má kọ orúkọ òbí, ẹ má kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ má sì kọ iye owó kankan. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a óò gbà á.